Iná Tí À Ń Pa Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń pe ara mi ní ẹni tó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọmọ ọwọ́ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Àbẹ̀kẹ́ ń fa ọyàn bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ti fi ẹsẹ̀ gbá bírò mi ṣubú. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí títí di ìgbà tí mo bí ọmọ yìí. Mi ò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n àkàbà ní bí òun náà ṣe ń ka ọjọ́ orí fún èèyàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Bí ẹ bá rí nǹkan mú níbẹ̀, ẹ mú un.

Badore ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Ẹja ni bàbá mi ń pa. Nígbà tí mo ṣe tán nílé ìwé, gbogbo ẹbí ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ò wù mí. Iná ló wù mí. Ní kíláàsì wa, iná funfun gbọọrọ kan wà lókè tó máa ń ṣẹ́jú ṣẹ́jú kó tó là, èmi a sì máa wò ó títí tíṣà á fi sọ ṣọ́ọ̀kì lù mí. Bàbá mi rí i pé n kò gbọ́ ti abẹ́rẹ́, wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Líàdì ní Ajah. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò pẹ́ rárá. Èyí tó pẹ́ ni pé mo jẹ́ obìnrin.

Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé èyí ni yóò máa gun àkàbà fún mi?"

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, inú ọkọ̀ ojú omi ló dàgbà sí. Ohun tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ò bà á lẹ́rù."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sunkún, ilẹ̀ ni kó ti sun ún. A kì í sunkún lókè."

Láyé ìgbà yẹn, iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ iná ń lò: ilé ìwé tí mo lọ, ilé ìlagi tó wà létí ọ̀sà, ilé ìwòsàn kékeré kan, ilé àwọn ọlọ́lá tó máa ń wá gbafẹ́ létí òkun. Àwa la ń bójú tó wọn. Nígbà mìíràn a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ká tó dé, iyọ̀ omi á ti gbẹ sí wa lára.

Ọ̀gá le. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n le bí èkùrọ́. Odidi ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan wáyà. Ìdí àkàbà ni mo dì mú. Òrùka ò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ò gbọdọ̀ sí lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá ti wà lókè àkàbà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọ̀gá ní ohùn tó bá ta èèyàn jí lókè lè jù ú sílẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ àkàbà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ jókòó síta nínú oòrùn títí iṣẹ́ fi parí. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó máa ń fi mí ṣẹ̀sín lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Kámọ́rù, tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá lóbìnrin bí. Òun ló ṣáájú mi níbi iṣẹ́.

"Ìyá Ìwé," báyìí ló ń pè mí, "ṣé wọ́n kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń di àkàbà mú ní sẹ́kọ́ńdìrì?"

Nígbà tó yá, Ọ̀gá pè mí síbi tábìlì iṣẹ́. Wọ́n tú ìdí iná mẹ́kúrì kan kalẹ̀. Mẹ́kúrì ni iná ńlá olómi aró tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí ilé ìlagi. Irú iná bẹ́ẹ̀ àti àwọn funfun gbọọrọ, wọn kì í ṣe bíi gílóòbù lásán. Wọ́n ní irin wúwo kan tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí à ń pè ní ṣókù. Òun ló ń di iná níjàánu kó má baà sá eré àsápajúdé. Wọ́n sì ní kapásítọ̀, agolo róbótó tó ní ẹsẹ̀ méjì lórí.

Ọ̀gá na agolo yẹn sí mi. "Ràmọ́tà, ìwọ tó kàwé, iṣẹ́ wo ni èyí ń ṣe?"

Mo ní, "Òun ló ń jẹ́ kí iná tàn, sà."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní kí Kámọ́rù tan iná. Iná tàn rekete, kò yàtọ̀ rárá. Kámọ́rù rẹ́rìn-ín títí tó fi fara ti ògiri.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Di wáyà yìí mú. Má fi sílẹ̀." Mo dì í mú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, rọ́bà wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru lọ́wọ́ mi bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé náà ń kérora. Wọ́n pa iná, wọ́n dá agolo padà, wọ́n tún tàn án. Jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Díẹ̀díẹ̀, wáyà tutù lọ́wọ́ mi.

"Ṣókù dà bí ìyàwó ilé tó ń pọn omi ju èyí tó fẹ́ lò lọ," Ọ̀gá ní. "Á pọn ún wálé, á lo díẹ̀, á ru ìyókù padà sódò lọ dà nù, á tún pọn òmíràn. Ọ̀nà odò á kún fọ́fọ́ nítorí omi tí ẹnikẹ́ni ò mu. Kapásítọ̀ ni àmù tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà fún un. Èyí tí kò bá lò, inú àmù ni yóò dà á sí. Ibẹ̀ náà ni yóò ti tún bù ú. Ọ̀nà odò á wá fúyẹ́. O ò ní rí iṣẹ́ àmù lójú iná. Ara wáyà lo ti máa rí i."

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láéláé. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́ èyí tó lè pa ọ́. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà odò, ṣé omi inú àmù ti gbẹ?"

"Rárá, sà."

"Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa iná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ní súwíìṣì, ẹ̀ẹ̀kan nídìí àmù. Iná tí a pa lẹ́ẹ̀kan, oorun ló ń sùn."

Bí a ṣe ń pa á lẹ́ẹ̀kejì nígbà náà ni pé a ó fi irin sikuruderáfà onígi kan ẹsẹ̀ agolo méjèèjì pọ̀. Á dún "pá!" bí ìbọn ọmọdé, iná á sì ṣẹ́ yọ. Ó ń bani lẹ́rù. Lójoojúmọ́ ni mo ń dijú bí mo bá fẹ́ ṣe é, Kámọ́rù náà ń dijú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni a wà ní ilé ìlagi létí ọ̀sà. Ọ̀gá ti ṣáájú lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn iná mẹ́kúrì tò lábẹ́ páànù, wáyà kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo ká tó parí. Èmi ni mo fa súwíìṣì wálẹ̀, Kámọ́rù rí mi. Ó gun òkè, mo di àkàbà mú. Láti apá ìlú, a gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun.

Mo ń retí "pá!" Etí mi ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀. N kò gbọ́ ọ. Mo gbójú sókè, mo rí i tí ọwọ́ Kámọ́rù ń lọ sídìí agolo. Ẹnu mi ti là, ṣùgbọ́n òfin ni pé a kì í sọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà lókè. Kí n tó mọ èyí tí mo máa ṣe nínú méjèèjì, omi inú gbogbo àmù tó tò lórí ìlà yẹn ti dà lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbàdí rẹ̀ sì bà lé orí ìtì igi.

Iná ọ̀hún ò ṣe é ju kó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù lọ. Ìṣubú ló ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nítòsí ìbàdí. Àwọn alagi gbé e lé pákó, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń to eegun ní Ajah. Nígbà tí Ọ̀gá dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

"O rí i pé kò pa á lẹ́ẹ̀kejì?"

"Mo rí i, sà."

"O fẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, sà."

Wọ́n jókòó sórí ìyẹ̀fun igi. "Òfin tèmi ló dì ọ́ lẹ́nu," wọ́n ní. Lọ́jọ́ kejì, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Líàdì ní àwọn ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ò sì ní fọwọ́ kan iná mọ́.

Ẹ wo ibi tí mo wà. Ó ku díẹ̀ kí n gba fíríìdọ́ọ̀mù, ìyẹn òmìnira tí ọ̀gá fi ń sọ fún ayé pé ọmọ iṣẹ́ ti di oníṣẹ́. Kò sí oníṣẹ́ iná mìíràn ní gbogbo agbègbè wa tó máa gba obìnrin. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì pa, ìdí ẹ̀rọ aránṣọ ni mo ń padà sí. Kámọ́rù ńkọ́? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, tí kò sì ní lè gun àkàbà mọ́ láyé?

Mo ń lọ kí i lójoojúmọ́. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n fi pákó de ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Ìwé, bá mi mú gílóòbù kékeré kan wá, àti ọ̀pá igi gígùn, wáyà, pẹ̀lú irin ṣóńṣó méjì."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ti mọ ìdí tí mo fi fò ó. Kì í ṣe ìkánjú ìrun Jímọ́ọ̀. Mo ti ń bẹ̀rù ariwo yẹn tipẹ́. Ohun téèyàn bá ń bẹ̀rù, ọjọ́ tó bá rí àwáwí, á fò ó."

Ìdùbúlẹ̀ yẹn náà ló ti ṣe é. Ó de irin méjèèjì mọ́ orí ọ̀pá, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ gílóòbù. Àwọn aláìsàn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń ṣàròyé pé òórùn léèdì tó ń yọ́ láti fi lẹ wáyà fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀kan ní kó kúkú gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé. Nígbà tó parí, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó ní kí àwa méjèèjì gbé e lọ fún Ọ̀gá.

Ẹja ni Ìyá Kámọ́rù ń yan tà, èéfín ẹja ò sì kúrò lára wọn. Wọn ò kan ilẹ̀kùn. "Líàdì!" Àwọn nìkan ló lè pe Ọ̀gá bẹ́ẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló kán àbí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè. Bí o bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ṣé eegun á so?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ràmọ́tà rí i. Òfin mi ló dì í lẹ́nu."

"Ṣé Ọlọ́run ló fi òfin yẹn rán ọ ni? Ọwọ́ tó so ó kó tú u. Ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀!"

Mo kúnlẹ̀, mo na ọ̀pá sí Ọ̀gá. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi ìka kan irin méjèèjì.

"Ta ló ṣe é?"

"Kámọ́rù ni, sà. Ó ní dípò 'pá', omi inú àmù á gba inú gílóòbù kọjá. Ẹ ó rí i tí yóò ṣẹ́jú, ẹ ó sì rí i nígbà tó bá kú. Ó ní èèyàn ò ní dijú mọ́."

Ọ̀gá wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Kámọ́rù kàn ní, "Ẹja mi ń jóná nílé," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

A padà sí ilé ìlagi lọ parí iná tó kù yẹn. Àwọn alagi dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ọ̀gá fúnra wọn ló di ìdí àkàbà mú, èmi ni mo gun òkè. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ sí mi lórí àkàbà.

"Ràmọ́tà! Ó ti kú?"

"Ó ti kú, sà."

"Ṣé lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo fi irin méjèèjì kan ẹsẹ̀ agolo. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó lajú lójú oorun, ó sì kú. Ojú mi là sílẹ̀ kedere.

"Lẹ́ẹ̀mejì, sà!"

"Alhamdulilahi," alagi àgbàlagbà kan ló sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Líàdì tó gun àkàbà láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ìbéèrè méjèèjì láti ìsàlẹ̀.

Mo gba fíríìdọ́ọ̀mù mi. Kámọ́rù padà wá, ó ń tiro, ó di ẹni tó ń jókòó nídìí tábìlì tún nǹkan ṣe, tó sì ń di àkàbà mú fún mi. Kò pẹ́ tó ní òun ti mọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ju ojú mi lọ, pé òun fẹ́ mọ ìyókù. Bí ó ṣe fẹ́ mi nìyẹn o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí ọkùnrin bá ti di àkàbà mú fún yín láìmì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Iṣẹ́ yí padà lójú wa. Wáyà onírọ́bà dúdú lọ, ti pílásítíìkì dé. Agolo kapásítọ̀ àtijọ́, tí òróró wà nínú rẹ̀, tó máa ń jò tó sì ń rùn, di kékeré, ó di gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá lórí òróró yẹn. Àwọn èèyàn máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa láti fi pa orúnkún tó ń ro wọ́n, Ọ̀gá ò fún ẹnikẹ́ni, ọṣẹ ni àwa sì fi ń fọwọ́ kí a tó jẹun. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ ni a gbọ́ pé májèlé ni. Iná ìjọba náà dé. Wọ́n kọ́ ẹsitéètì Jákàńdè sí Ìlàsan, a rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, a sì rí yàrá gbé. Iná olómi ọsàn wá ń tàn níbi tí igbó àgbọn wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn kapásítọ̀ tuntun ní nǹkan kékeré kan nínú tó ń fa omi àmù gbẹ fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá mi rẹ́rìn-ín. Ní ilé ìtajà kan, ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ gbé ọ̀pá Mósè yín sílẹ̀. Èyí ń pa ara ẹ̀."

Mo ní, "Jẹ́ ká kí i ná." Mo fi ọ̀pá kàn án, gílóòbù ṣẹ́jú wàì. Nǹkan kékeré inú rẹ̀ ti já. Ọ̀gbẹ́ni náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ra ọ̀pá yẹn?"

Ọmọ pẹ́ kó tó dé. N kò ní pa á mọ́ fún yín, mo sunkún, ilẹ̀ ni mo sì ti sun ún. Àwọn kan ní iná ti jó inú mi gbẹ. Ìyá Kámọ́rù, tí ẹ̀yin rò pé àwọn ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, ló ń lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí ẹja. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wá dé, mo rò pé màá gbé iṣẹ́ àti ọmọ pọ̀. Ó ṣe é ṣe fún ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń pààrọ̀ iná inú ọgbà mọ́ṣáláṣí kan ní Ajah. Kámọ́rù di àkàbà mú, Sàídá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ń to irinṣẹ́. Ìyá Kámọ́rù gbé ọmọ dání lábẹ́ igi. Mo wà lókè, Àbẹ̀kẹ́ fi igbe ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fún ọmọ lọ́yàn rí mọ̀ ọ́n: kò bi èèyàn kó tó dà. Omi ọyàn rin àyà bùbá mi gbingbin. Gbogbo ọkàn mi ti sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi nìkan ló ṣẹ́ kù lókè.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́! Ó ti kú?"

"Ó ti kú."

"Ṣé lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ó ti wà nínú ìdí iná, ó ku díẹ̀ kó kan ẹsẹ̀ agolo. Ọ̀pá ṣì wà léjìká mi, n kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bi ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́sí ló dúró nísàlẹ̀, lórí ẹsẹ̀ tó ń tiro, tó ń bi mí.

Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo sọ̀kalẹ̀. Kámọ́rù wo ojú mi, ó gba ọ̀pá léjìká mi, ó gbé e fún Sàídá. Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, mo jókòó sórí iyanrìn nídìí àkàbà, mo fún un lọ́yàn. Ara mi balẹ̀ bíi wáyà tí wọ́n dá àmù rẹ̀ padà fún.

Ọ̀gá Líàdì ṣì wà láyé, bí ojú wọn tilẹ̀ ti ń ṣú. Mo lọ sọ fún wọn pé mo ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo já bọ́ ni àbí mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní mo sọ̀kalẹ̀, sà. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí ọmọ fi sùn.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Sàídá ti gun òkè, ó ti tẹ etí sílẹ̀. Kámọ́rù fẹ́ la ẹnu, mo gbọ́wọ́ sókè sí i. Mo gbé orí ọmọ mi rọra sí apá kejì, mo wòkè.

"Sàídá! Ó ti kú?"

"Ó ti kú, mà!"

"Ṣé lẹ́ẹ̀mejì?"